Yàrá tí Ìyá Àgbà Ń Palẹ̀ Rẹ̀ Mọ́

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi Tàjù kò tíì fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ tí a ó fi pe ohun tí ìyá bàbá wa ń ṣe nínú yàrá ẹ̀yìn nílé wa ní ìlú Búàké, ní ilẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé. Àwa méjèèjì ti dàgbà, irun Tàjù ti ń funfun, orúnkún ń dun èmi náà, síbẹ̀ tí a bá ti pàdé tí a jẹun tán, ọ̀rọ̀ náà la ó tún gbé kalẹ̀. Tàjù á ní Ìyá Àgbà ń tọ́jú nǹkan ni. Èmi á ní ìtọ́jú wo, ó ń kó o jọ ni. Ọ̀rọ̀ tó dára ni tọ́jú. Ọmọ là ń tọ́jú, aláìsàn là ń tọ́jú, àlejò tó bá wọlé, à ń tọ́jú rẹ̀. Agolo mílíìkì tó ti dípẹtà, ta ló ń tọ́jú ìyẹn? Kíkójọ ni mo mọ̀ ọ́n sí, tàbí ṣíṣàjọ, tàbí wíwọ́jọ, tí inú bá sì bí mi dáadáa, mo máa ń ní ó ń há yàrá mọ́ wa lọ́wọ́ ni. Tàjù á wò mí títí, á ní, "Sàfú, òkú lò ń bá jà o." N kò bá òkú jà. Kí Ọlọ́run forí jin ìyá mi àgbà. Yàrá yẹn ni mo ń bá jà, ìjà náà kò sì tíì tán nínú mi.

Ilé tí a ń gbé nígbà náà kò jìnnà sí Kọmẹ́ẹ̀sì, àdúgbò àwọn oníṣòwò, níbi tí bàbá mi ti ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó fi ń ta ṣúgà, ọṣẹ, òróró àti tòmátì inú agolo. Bàbá Kúàdíò, ọmọ Baulé, ẹ̀yà onílẹ̀ ibẹ̀, ló ni ilé. Òun àti ìyàwó rẹ̀ wà níwájú, àwa wà lẹ́yìn, àgbàlá kan náà ni gbogbo wa ń lò, ẹ̀rọ omi kan náà, igi máńgòrò kan náà. Tí mo bá dijú báyìí, etí mi ló kọ́kọ́ ń rántí ilé náà: ìpè ìrun àsùbáà, ìgbálẹ̀ màmá mi lórí ilẹ̀ iyanrìn, odó ìyàwó Bàbá Kúàdíò tó ń gún fútù, iyán tiwọn, rédíò ọkọ rẹ̀ tó ń sọ Faransé láìsí ẹni tó ń fetí sí i, àti lórí gbogbo rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ Ìyá Àgbà. Ó fi ṣéènì so ó mọ́ etí ìró rẹ̀, ó sì ń dún wọnwọn níbikíbi tó bá ń lọ, ìyẹn sì dára fún àwa ọmọdé, torí a máa ń gbọ́ bíbọ̀ rẹ̀ ká tó rí i. Yàrá mẹ́ta la háyà. Bàbá àti màmá mi wà nínú ọ̀kan, Ìyá Àgbà, Tàjù àti èmi fún ara wa pọ̀ sínú ìkejì, ẹ̀kẹta sì ni yàrá ẹ̀yìn tí kọ́kọ́rọ́ yẹn ń tì. Bàbá mi ń háyà odidi yàrá kan fún agolo àti ìgò kí wọ́n lè rí ibi sùn. Títí di òní, tí mo bá rò ó, mo máa ń pòṣé.

Kí ló wà níbẹ̀? Ohun tí kò sí níbẹ̀ ló yẹ kí ẹ bi mí. Agolo tòmátì wà níbẹ̀, agolo mílíìkì, ìgò òróró, àpò sìmẹ́ńtì tí wọ́n ti gbọn inú rẹ̀ nù, bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ìkejì wà, abọ́ tánńganran tí ara rẹ̀ ti bó, okùn tí wọ́n so mọ́ okùn tí wọ́n so mọ́ okùn mìíràn, àti ọ̀rá. Mo kórìíra ọ̀rá yẹn dé ìsàlẹ̀ ikùn mi, torí èmi ni mò ń fọ̀ ọ́. Gbogbo ọ̀rá tó bá wọ ilé wa, ìbáà jẹ́ ti ìrẹsì, ìbáà jẹ́ ti iyọ̀, mo gbọ́dọ̀ yí inú rẹ̀ síta, kí n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí n sá a sórí okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátá wa. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń fo okùn lábẹ́ igi máńgòrò, èmi jókòó ti ọpọ́n, mò ń fọ ọ̀rá. Ìgbà kan tí mo gbìyànjú láti ju agolo kan sórí ààtàn, ohùn Ìyá Àgbà bá mi kí ọwọ́ mi tó sọ̀ kalẹ̀, ó fi oríkì mi pè mí. "Àṣàkẹ́, ta ló sọ fún ọ pé a ò ní lò ó?" Mo padà lọ gbé e. Ẹ̀fọ́rí ni láti bá ẹni tó ń béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ gbélé.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni ọdún tí wọ́n gé owó sẹ́fà sí méjì. Bí àwọn àgbà ṣe sọ ọ́ fún wa nìyẹn, mo sì rò pé àáké ni wọ́n fi gé e. Rédíò Bàbá Kúàdíò pè é ní dẹfalúasíọ̀n, àwa ọmọ iléèwé gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, a sọ ọ́ di èébú: ọmọ tó bá tín-ín-rín láàárín wa, Dẹfalúasíọ̀n lorúkọ rẹ̀. Ẹran inú ọbẹ̀ ẹ̀pà wa kọ́kọ́ kéré, lẹ́yìn náà ó di ẹja gbígbẹ, lẹ́yìn náà ó di ohun tí à ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ọṣẹ tí bàbá mi ń tà lódidi tẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi okùn gé e wẹ́wẹ́, torí kò sẹ́ni tó tún ń ra odidi. Bí ìyẹn ṣe ń lọ lọ́wọ́ ni rédíò tún kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ mìíràn, ifuarité, ìyẹn ni pé ta ni ọmọ ilẹ̀ gan-an, ta sì ni àlejò. Wọ́n ti ń pè wá ní Anago tipẹ́, kò dun ẹnikẹ́ni, orúkọ ẹ̀yà ni. Lọ́dún yẹn, ohùn tí wọ́n fi ń pè é yí padà. Ọmọbìnrin tí a jọ ń jókòó ní kíláàsì bi mí pé ọjọ́ wo la máa lọ. Mo ní níbo? Ó ní nílé yín. Mo ní ilé wa nìyẹn lẹ́yìn Kọmẹ́ẹ̀sì, ó ti wá síbẹ̀ rí, ó ti jẹ máńgòrò wa. Bàbá mi kò fi káàdì séjúù rẹ̀, ìwé tí àjèjì fi ń gbé ìlú, sílẹ̀ mọ́ rárá. Àpò àyà ló ń fi í sí, ó ń mú un lọ ṣọ́ọ̀bù, ó ń mú un lọ mọ́sálásí, ó ń mú un lọ ilé ìyàgbẹ́.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yàrá náà kàn jù ni màmá mi. Ó ti kọ́ṣẹ́ ìránṣọ kó tó lọ́kọ, ó sì ní màṣíìnì rẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Nígbà tí ọjà bàbá mi dákẹ́, ó ní òun á padà sídìí iṣẹ́ òun. Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì gbé màṣíìnì jáde, a fi omi ọṣẹ nù ún, ó ń dán. Ibo la gbé e sí? Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró tó wà láàárín yàrá méjì, níbi tí èéfín ilé ìdáná ń gbà kọjá, tí òjò ń fẹ́ wọ̀, tí adìẹ Bàbá Kúàdíò sì sọ di ibi ìsinmi. Yàrá ẹ̀yìn ní fèrèsé tó kọjú sí títì. Ẹni tó bá ń ti ọjà bọ̀ á rí aṣọ tí a fi kọ́ síbẹ̀, á yà wọlé. Màmá mi mọ èyí, gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí ìyàwó alápatà kan mú léèsì funfun wá fún ìkómọ, adìẹ yàgbẹ́ sórí ẹ̀ kí màmá mi tó gé ọrùn aṣọ náà. Obìnrin náà ká aṣọ rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ó sì lọ sọ̀rọ̀ náà fún gbogbo ìsọ̀ ẹran. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó mú aṣọ wá mọ́. Màṣíìnì ń dán lásán.

"Màmá," màmá mi máa ń bá ìyá ọkọ rẹ̀ sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lórí ìkúnlẹ̀, láàárọ̀, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká palẹ̀ yàrá yẹn mọ́."

"Ìyàwó, mò ń palẹ̀ mọ́."

"Láti ìgbà wo, Màmá?"

"Ó kù díẹ̀."

Màmá mi á dìde, á wọ ilé ìdáná, á sì wá máa bá ìkòkò sọ̀rọ̀. "Ó kù díẹ̀, ó kù díẹ̀. Ẹni tó ń palẹ̀ mọ́, ilẹ̀ ṣì ń kún sí i. Ṣé báyìí ni wọ́n ń palẹ̀ mọ́ ní Kùmásí ni?" Kùmásí ni Ìyá Àgbà gbé kí wọ́n tó lé àwọn àjèjì kúrò ní Gáná, gbogbo àdúgbò sì ń pè é ní Ìyá Kùmásí, àmọ́ kì í sọ̀rọ̀ ibẹ̀. Tí a bá bi í léèrè, á ní ilẹ̀ ibẹ̀ pupa. Ọ̀rọ̀ tó ní nípa Kùmásí tán síbẹ̀.

Oníkálukú ló ní orúkọ tó ń pe ohun tí Ìyá Àgbà ń ṣe. Ìtọ́jú ni ti bàbá mi, torí ìyá rẹ̀ ni, kí ló tún fẹ́ wí? Ìkójọ ni ti màmá mi, tí oòrùn bá sì mú, ó di pàǹtí. Tàjù fúnra rẹ̀, tó ń gbèjà rẹ̀ lónìí, pè é ní ahun níṣojú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, bàtà sì bà á lẹ́yìn orí. Nísinsìnyí mo gbà pé ahun kọ́. Ahun kì í fúnni lóúnjẹ. Ìyá Àgbà á bu ìrẹsì kún abọ́ fún ọmọ-ọmọ Bàbá Kúàdíò láìjẹ́ pé wọ́n tọrọ, ṣùgbọ́n kò ní fún wọn ní ọ̀rá tí wọ́n á fi gbé e lọ. Àáfà wa náà ní orúkọ tirẹ̀. Ní Jímọ̀ kan, ó wàásù gidi lórí àwọn tó ń kó ọjà pamọ́ kó lè wọ́n, ó ní ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni. Bàbá mi dé láti mọ́sálásí, ojú rẹ̀ le.

"Ìyá, ẹ̀yin ni àáfà bá wí lónìí."

"Ṣé agolo òfìfo ti wọ́n ni?" Ìyá Àgbà bi í. Kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lórí okùn tó ń tú.

Orúkọ tó kó bá wa ni èyí tí Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ sọ ọ́. Bàbá Kúàdíò kò gbọ́ Yorùbá, Ìyá Àgbà kò gbọ́ Faransé, Jùlá ọjà ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan, Bàbá Kúàdíò rí i tó ń gbé nǹkan tí wọ́n fi ìró dì wọ yàrá ẹ̀yìn, ó sì fi ẹ̀rín bi í pé kí ló ń ṣe sí gbogbo èyí. Ìyá Àgbà fẹ́ ní òun ń tọ́jú rẹ̀. Ó wá ọ̀rọ̀ náà nínú Jùlá, ó rí i: "N b'a mara." Kò ṣì í sọ. Mara ni wọ́n ń lò fún ọmọ tí à ń tọ́, mara ni fún ohun tí a fi pamọ́, bíi tọ́jú tiwa gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá oníṣọ́ọ̀bù ṣúgà ló sọ ọ́, lọ́dún tí nǹkan wọ́n, níwájú ilẹ̀kùn tí a tì. Bàbá Kúàdíò gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú Jùlá, ó sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ ní Baulé, nígbà tó sì di ìrọ̀lẹ́, ó sọ ọ́ ní Faransé níbi tí wọ́n ti ń mu bándjì, ẹmu wọn, ó ní ìyá Anago ilé òun ń ṣe sítọ́ọ̀kì, ìyẹn ni pé ó ń kó ọjà pamọ́. N kò rò pé ó ní ibi lọ́kàn. Ẹnu rẹ̀ ni kò lè gbé jẹ́ẹ́, ìyẹn sì burú tó fún mi.

Kò pẹ́ sí i, ṣúgà pòórá lọ́jà. Ó pòórá ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi náà, àmọ́ ta ni yóò gbà á gbọ́? Àwọn obìnrin nídìí ẹ̀rọ omi bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ tí màmá mi bá yọ. Ẹnìkan bi Tàjù ní títì pé ṣé ṣúgà ni wọ́n fi ń tẹ́ ilẹ̀ nílé wa ni. Bàbá mi kò jẹun dáadáa mọ́. Ẹ̀rù méjì ló ń bà á: kí wọ́n má ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí wọ́n má sì gba káàdì tó wà ní àpò àyà rẹ̀, torí ẹni tí wọ́n bá gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún yẹn, ó di dandan kó kó ẹrù rẹ̀. Ó lọ bá ìyá rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ìyá, ẹ ṣí yàrá yẹn fún Bàbá Kúàdíò. Kó fi ojú ara rẹ̀ rí i pé kò sí nǹkan níbẹ̀."

"Nǹkan wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀, Ìyá. Mo ní nǹkan gidi."

"Àlàbí, ohun tó wà níbẹ̀, àlejò kì í wò ó."

Bàbá mi fi ọwọ́ méjèèjì gbá orí mú. Ẹ wò ó, mo ti bímọ, mo ti sin òbí, mo ti bá onírúurú èèyàn ṣòwò, n kò tíì rí ẹni tó lè mú inú bíni pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ bí ìyá yẹn.

Wọ́n wá ní òwúrọ̀, ìgbà tí à ń mu ògì. Àwọn ọkùnrin kọ̀ntíróòlù ni, tí wọ́n ń wo iye tí wọ́n ń ta ọjà, ọlọ́pàá méjì sì tẹ̀ lé wọn. Ọ̀gá wọn sanra, ó fi tówẹ̀lì kọ́rùn, ó sì ti ń làágùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí wọ́n ṣí yàrá ẹ̀yìn. Tàjù, tí Faransé rẹ̀ dá ṣáká jù nílé, túmọ̀ rẹ̀ fún Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà ní kọ́kọ́rọ́ ti sọ nù. Kọ́kọ́rọ́ náà sì ń dún nídìí rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ọlọ́pàá kan rẹ́rìn-ín. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ nínú iyanrìn níwájú gbogbo èèyàn, ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí." Ìyá Àgbà wò ó nílẹ̀ níbẹ̀, ó tú ṣéènì náà kúrò létí ìró rẹ̀, ó sì jù ú sí i.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó o jáde. Gbogbo àdúgbò ti dúró sí ẹnu ọ̀nà, àwọn ọmọ sì ti gun igi máńgòrò. Wọ́n kọ́kọ́ ń kó o pẹ̀lú agbára, bí ẹni tó mọ ohun tó ń wá, wọ́n ń gbọn agolo kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi imú fín ìgò. Bí agolo ṣe ń tẹ̀ lé agolo, agbára náà ń lọ sílẹ̀. Ọyẹ́ fẹ́, ó gbé ọ̀rá mi, ọ̀rá tí mo fi ọwọ́ ara mi fọ̀, ó ń fò káàkiri àgbàlá, ó ń há sára igi, ó ń lẹ̀ mọ́ ojú ọlọ́pàá. Ọ̀gá náà ké, ó ní kí ni gbogbo èyí, kí ni gbogbo èyí ná! Ó dùn mọ́ mi gan-an pé ẹlòmíràn náà ń béèrè. Ìyá Àgbà ní kí Tàjù sọ fún un pé kó má tẹ ìgò òun mọ́lẹ̀. Mo wo màmá mi. Ó káwọ́ mọ́dìí, ó ń wo inú yàrá tó ń ṣófo, kò sì wo ẹlòmíràn. Mo lè búra pé inú rẹ̀ ń dùn. Ohun tí ó fi orúnkún tọrọ fún bí ọdún kan, àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ń fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó tán, ọ̀kan nínú wọn pariwo láti inú yàrá. Ó gbé ẹrù kan jáde tí wọ́n fi ìró dì, ó tún gbé òmíràn, ó tún gbé òmíràn, títí tí wọ́n fi tò sílẹ̀, ẹrù kan fún oníkálukú wa nílé. Ọ̀gá náà nu ojú, ó ní àhá. Ó tú àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀. Ìkòkò kékeré kan wà nínú rẹ̀, abọ́ kan, ṣíbí kan, aṣọ ìbora, ọṣẹ, ìsáná tí a fi sínú agolo mílíìkì tí a sì fi abẹ́là dí ẹnu rẹ̀ kí omi má wọ̀ ọ́, iyọ̀ tí a dì sínú ọ̀rá kan lé ọ̀rá kan. Ṣúgà náà wà níbẹ̀. Ọ̀gá náà gbé e sókè, ó ti la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Oníhóró díẹ̀ ni, ìwọ̀n èyí tí ọmọ kan lè fi mu ògì kan. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín, ìyàwó Bàbá Kúàdíò rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Aṣọ tí wọ́n fi dì í ni mo ń wò ní tèmi. Búláúsì mi àtijọ́ ló so mọ́ orí rẹ̀. Ẹrù mi ni.

Ọ̀gá náà bínú gan-an báyìí. Ó ní kí ni wọ́n fẹ́ fi èyí ṣe. Tàjù bi Ìyá Àgbà.

"Mo ti ń sọ fún yín láti ọjọ́ yìí," Ìyá Àgbà wí, kì í ṣe fún un, fún wa ni. "Mò ń palẹ̀ mọ́."

Palẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń tún yàrá ṣe ń palẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń múra ìrìn àjò náà, ó ń palẹ̀ mọ́. Gbogbo wa la gbọ́ Yorùbá nílé yẹn, gbogbo ọdún la sì fi gbọ́ ọ sódì. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n lé wọn ní Kùmásí, ọjà lòun wà, òun sáré délé, mọ́tò ti ń bú lẹ́nu ọ̀nà, òun sì mú ohun tí ọwọ́ òun bà. Nígbà tí òun sọ̀ kalẹ̀ ní Búàké, dígí kan àti ìdérí ìkòkò kan ló wà lọ́wọ́ òun. Ó ní òun fi ìdérí ìkòkò lásán wọ ìlú, pẹ̀lú ọmọ tí ebi ń pa. Ó ń wo bàbá mi bó ṣe ń sọ ọ́. Bàbá mi ni ọmọ náà. Ọ̀gá náà ní kí Tàjù túmọ̀. Tàjù ní ó sọ pé fún ìrìn àjò ni.

"Ìrìn àjò wo?"

Tàjù bi í. Ìyá Àgbà yíjú sí ọ̀gá náà, ó wò ó láti tówẹ̀lì dé bàtà. "Sọ fún un pé òun ló yẹ kó sọ fún wa."

Tàjù kò túmọ̀ ìyẹn. Bóyá ọ̀gá náà kò nílò ìtumọ̀. Ọ̀gá náà dá ṣúgà padà sínú agolo, ó gbọn ọwọ́, wọ́n sì lọ. Kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì, kò sẹ́ni tó bá wa kó nǹkan wọlé, àfi Bàbá Kúàdíò tó ń lé ọ̀rá kiri àgbàlá, tí kò jẹ́ gbójú sókè. Mo fẹ́ ní kó fi sílẹ̀. Mo tún fẹ́ kó lé gbogbo rẹ̀ bá.

Màmá mi kò dúró. Ó mú ìgbálẹ̀, ó wọ yàrá náà, ó gbá a, ó da omi sí i, ó ṣí fèrèsé tí kò tíì ṣí láti ìgbà tí mo ti gbọ́n. Kó tó di ìrun àsárì, màṣíìnì ti wà níbẹ̀. Agolo àti ìgò lọ sí ààtàn, bàbá mi fúnra rẹ̀ ló kó wọn, Ìyá Àgbà kò sì jà. Àwọn ẹrù dídì yẹn nìkan ló jókòó tì lábẹ́ igi máńgòrò, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí wọn. Mo dúró kí màmá mi wá tú wọn. Ó ti borí, mo mọ̀ pé ó ti borí, ó kù kó gbé abọ́ padà sí ilé ìdáná kí ọ̀rọ̀ yìí lè tán nílé wa. Ó wá lóòótọ́. Ó kúnlẹ̀, ó tú ẹrù tirẹ̀, ó gbé ìkòkò inú rẹ̀, ó sì bu omi sí i.

"Màmá, ìkòkò yìí ń jò."

"Mo mọ̀. Èyí tí kò jò lẹ̀ ń lò."

"Kí la máa fi èyí sè níbi tí à ń lọ?" Ohùn rẹ̀ le, bí ìgbà tó ń bá wa wí. "Ẹ wo ìdì yìí náà. Kò ní kọjá ìbùdókọ̀ tí yóò fi tú." Ó lọ sí ilé ìdáná, ó gbé ìkòkò tó fi se ògì wa láàárọ̀ yẹn, ó fọ̀ ọ́, ó nù ún gbẹ, ó sì tì í sínú ẹrù náà.

Bí ìyá mi àgbà nìkan bá ń retí kí wọ́n lé wa, a lè bínú sí i, a lè fi ṣe yẹ̀yẹ́, a lè sùn. Ìgbà tí mo rí ìkòkò yẹn tó wọ inú ẹrù ni ẹ̀rù bà mí, irú èyí tí káàdì bàbá mi kò fi bà mí rí, tí ọlọ́pàá kò fi bà mí.

Lọ́jọ́ kejì, màmá mi gbé aṣọ kakí tó nípọn sórí màṣíìnì. Kì í ṣe aṣọ oníbàárà. Fèrèsé ṣí sí títì, ìmọ́lẹ̀ pọ̀, bó ṣe fẹ́ ẹ náà ló rí. Ó pè mí wọlé, ó ní kí n kẹ́yìn sí òun, ó sì fi téèpù wọn mí láti èjìká kan dé èkejì. Mo bi í pé ṣé aṣọ ọdún ni.

"Dúró dáadáa," ó ní. "Kí okùn àpò rẹ má baà gé ọ léjìká."